Àgbọn Etí Ebè Màmá Dosi

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé jẹ́ẹ́jẹ́ ni èmi Fàúsátù. Mi ò ṣe jẹ́ẹ́jẹ́ rí. Nígbà tí mo ní ìsọ̀ ní ọjà Agbalata, bí oníbàárà bá gbé ọjà mi wò, tó pòṣé, tó tún gbé e sílẹ̀, mo lè tẹ̀ lé e dé ìdí ọkọ̀ kí n bi í léèrè ohun tó ń pòṣé sí. Ọkọ mi, bàbá Látífàt, kí Ọlọ́run foríjì í, máa ń sọ pé bí òun bá ń wá ìsinmi, gáréèjì lòun máa ń lọ jókòó sí. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò bá ìwà mi mu rárá. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣe é. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi ṣe é.

Ẹ ó rántí ìgbà owó epo. Wọ́n ń ṣe títì márosẹ̀ wá sí Badagry nígbà náà, owó sì wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Tòmátò alágolo ni mo ń tà, àti sadíìnì, àti mílíìkì, láti Kútọnu ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ tòmátò tí wọ́n gbìn sílẹ̀ mọ́. Àwọn ìyá Ègùn máa ń ru ẹ̀fọ́ gbọma àti tòmátò wọn wá láti abúlé wọn ní Imeke, wọ́n á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ mi títí oòrùn á fi jẹ ẹ́ rọ, wọ́n á sì tún rù ú padà. Èmi máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé, "Ìyá, ẹ gbé e lọ fún ewúrẹ́. Ènìyàn ti kúrò níbẹ̀." Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà wò mí, ó di igbá rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tó yá, ayé yí padà. Owó epo gbẹ. Ọkọ mi kú. Kò tíì pé ọdún kan tí a sin ín tí ìjọba ológun yí owó padà, tí wọ́n sì ti bọ́dà pa. Ishaq, ọkọ Látífàt ọmọ mi, tó máa ń bá mi kó ọjà láti Kútọnu, òdìkejì ni ó wà lọ́jọ́ tí wọ́n ti bọ́dà náà, Àjàṣẹ́ ló wá há sí. Oyún Látífàt jẹ́ oṣù márùn-ún. A jẹ ohun tó wà nínú ìsọ̀ títí ó fi tán, onílé wa ní Badagry sì da ẹrù wa síta lójú gbogbo àdúgbò. Mo bú u títí ohùn mi fi há. Èébú ò dá ẹrù padà sínú yàrá.

Ẹnìkan ló sọ fún mi pé ìyá àgbà kan wà ní Imeke tí yàrá kan ṣófo nílé rẹ̀. Mo mú Látífàt dání, a lọ. Ìgbà tí ìyá náà jáde sí wa, mo dá a mọ̀. Obìnrin tí mo ní kó gbé tòmátò rẹ̀ fún ewúrẹ́ ni. Ó dá mi mọ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó dá mi mọ̀, mo sì dúró kó san án fún mi. Ohun tó sọ ni pé, "Aboyún ń dúró nínú oòrùn. Ẹ wọlé." Bí mo ṣe mọ Màmá Dosi nìyẹn.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀ ni ebè náà wà, ó gùn dé ìdí kànga. Ká tiẹ̀ pè é ní ebè, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ á ní igbó ni. Koríko èkan ga dé àyà mi níbẹ̀. Lábẹ́ èkan, koríko dandá. Láàárín àwọn méjèèjì, ìgò, bàtà rọ́bà tó ti já, àti agolo lóríṣiríṣi. Màmá Dosi ní ọdún mẹ́jọ lòun ò ti fọwọ́ kàn án.

"Kí ló dé, Màmá?" ni mo bi í.

"Ta ni n bá gbìn ín fún?" Ó sọ bẹ́ẹ̀, kò wo ojú mi. Ojú tì mí débi pé ọjọ́ yẹn ni mo gbé ọkọ́.

Kó tó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀, ó pè mí, ó fi ọ̀pá rẹ̀ na ilẹ̀ náà. "Fàúsátù, ilẹ̀ ẹbí nìyí. Mo yá ọ ni. Mi ò tà á, mi ò fi tọrẹ. Ohun tó máa kú lójú rẹ ni kí o gbìn sí i, ẹ̀fọ́, ata, tòmátò. Má gbin igi. Bí àlejò bá gbin igi, igi á jẹ́rìí fún un lọ́jọ́ iwájú pé òun ló nilẹ̀. Àwọn ènìyàn mi ò ní gbà."

Mo ní mo gbọ́. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Títí dé ilé bàbá mi ní Ọ̀tà, òfin kan náà ni. Ẹni tí wọ́n yá nílẹ̀ kì í gbin ohun tó máa pẹ́ jù ú lọ.

Mo fi àdá bẹ̀rẹ̀. Mo gé èkan lulẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, mo sì wá jókòó, inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Màmá Dosi jáde, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "O ti bá a fá irun. Èwo ló wá kàn, o máa fi òróró pa á lórí?" Ó kúnlẹ̀ lórí yanrìn, àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó fi ìka wa ilẹ̀, ó fa gbòǹgbò èkan jáde. Ó funfun, ó gùn, ó ní oríkèé. Ó ní ibẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Bí oríkèé kan ṣoṣo bá ṣẹ́kù sínú ilẹ̀, á tún hù, á sì pe àwọn ará rẹ̀. Wọ́n ní bí iná ò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wa gbòǹgbò, tí mo ń fi ìka yọ ọ́ nínú yanrìn, tí mo ń sá a sórí páànù kó gbẹ kí n tó dáná sun ún. Èékánná mi ṣẹ̀jẹ̀ lóòótọ́. Mo bá èkan jà bí ẹni ń bá orogún jà, mo ń pe ìyá ẹ̀ mọ́ bàbá ẹ̀.

Agolo ló dùn mí jù. Bí ọkọ́ bá ti bà á, á dún. Mo mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí irú èyí tí mo tà ni. Mo pa ọgbà obìnrin yìí, mo sì wá ń wú òkú ohun tí mo fi pa á. Ó ní kí n má kó wọn dànù. Ó mú ìṣó, ó lu ihò sí ìdí wọn, ó ní àwọn la ó máa fi bomi rin ebè. Bí omi bá gba inú agolo wọ̀nyẹn jáde, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló máa ń bọ́, kò ní í wú irúgbìn sókè.

Yanrìn Imeke kì í gba omi dúró. Ẹ da garawa mẹ́wàá sí i, ẹ yíjú, ó ti gbẹ. Màmá Dosi ní ká kó èèpo àgbọn, ká rẹ ẹ́ sómi, ká tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ ebè. Mo lọ sí etí ọ̀sà lọ tọrọ ìfun ẹja àti ìpẹ́ lọ́wọ́ àwọn apẹja, mo tẹ́ ẹ lé èèpo àgbọn, a da ìgbẹ́ adìyẹ àti eérú lé e, a bo yanrìn, a fi imọ̀ àgbọn bò ó. Àwọn aládùúgbò wá sọ pé ó ń rùn. Mo dá wọn lóhùn, wọn ò sì padà wá mọ́.

Màmá Dosi ní ká fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tutù. Èmi wo ikùn Látífàt, mo wo ìkòkò ọbẹ̀, mi ò lè dúró. Ọjọ́ karùn-ún ni mo yọ́ fọ́n tẹ̀tẹ̀ sí i. Ó hù ní ọjọ́ kẹta, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ní ọjọ́ keje gbogbo rẹ̀ ti pọ́n, ó ti jóná, nítorí ohun tó wà nísàlẹ̀ ṣì ń gbóná. Màmá Dosi dúró lórí rẹ̀ pẹ̀lú mi. Mo rò pé á bá mi wí. Ó ní, "Fàúsátù, o mọ ìjà, o ò mọ ìdúró," ó wọlé lọ bu irúgbìn mìíràn wá fún mi.

Èyí tí mo fi sùúrù gbìn ni ó hù. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, inú mi dùn nígbà yẹn, ó lè jẹ́ pé ìgbà yẹn nìkan náà ni. Tẹ̀tẹ̀ kọ́kọ́ kún ilẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, a lọ́ gbọma àti ata sórí ebè, a lọ́ tòmátò sí apá ibi kànga. Àwọn ènìyàn tó ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá á dúró wò. Mo ń ru ẹ̀fọ́ lọ sí Agbalata, mo ń jókòó síbi tí àwọn ìyá Ègùn máa ń jókòó sí, ìsọ̀ tó jẹ́ tèmi tẹ́lẹ̀ sì wà lẹ́yìn mi, ẹlòmíràn ti gbà á. Kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n a ń jẹun.

Inú òjò oṣù kẹwàá ni Látífàt bímọ, lọ́sàn-án gangan, nínú yàrá wa. Obìnrin ni. Agbẹ̀bí gbé olóbi ọmọ lé mi lọ́wọ́ nínú ìkòkò kékeré kan, ó padà sọ́dọ̀ ìyá ọmọ. Mo wá dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, òjò ń rọ̀, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e gbà. Ibi tí wọ́n bá sin olóbi ọmọ sí nilé ọmọ. Ti Látífàt, ẹ̀yìn ilé onílé kan ní Mushin ni bàbá rẹ̀ sin ín sí, wọ́n sì ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé e lórí kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Gbogbo ìgbà owó epo yẹn, a jẹ, a wọ aṣọ, a ò ra ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹní. Mo gbé ìkòkò náà dání, mo ń sunkún. Ibo ni ọmọ yìí máa pè nílé?

Màmá Dosi jáde láti ilé ìdáná. Ó gbé àgbọn kan tó ti hu ewé méjì dání. "Ní ilé tiwa," ó ní, "ọmọ tí a bá bí, a máa ń gbin àgbọn lé olóbi rẹ̀. Mú ọkọ́ wá."

"Màmá, ẹ ní kí n má gbin igi."

"Ìwọ lo fẹ́ gbìn ín ni? Èmi ni mo fẹ́ gbìn ín. Ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé mi kì í ṣe àlejò."

A gbẹ́ kòtò sí etí ebè, ní ìdí kànga. Èmi gbé ìkòkò sínú kòtò, òun gbé àgbọn lé e lórí, a jọ fi ọwọ́ wọ́ yanrìn bò ó. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Òjò ti lé gbogbo ènìyàn wọlé.

Ishaq ránṣẹ́ orúkọ wá láti Àjàṣẹ́, ó ní ká pè é ní Morìnsọ́lá. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ishaq ò rí ilé tí a wà ni. Ṣùgbọ́n Látífàt fẹ́ràn orúkọ náà. Alẹ́ ọjọ́ ìkómọ ló sọ fún mi pé, "Màmá, láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ọkàn mi ò balẹ̀ tó báyìí. Ọmọ mi ti ní ilé."

Ọmọ náà dàgbà pẹ̀lú àgbọn rẹ̀. Ìgbà tó mọ̀ ọ́n rìn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rìn lọ. Ó máa ń pe igi náà ní Morìn, orúkọ ara rẹ̀. Bí mo bá fi agolo bomi rin ín, á pàtẹ́wọ́, á ní, "Morìn ti mu omi." Bí ewúrẹ́ bá jẹ ewé rẹ̀, á wá fi apá ara rẹ̀ hàn mí, á ní ó ń dun òun. A máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tí wọ́n ṣí bọ́dà padà, Ishaq ránṣẹ́ pé kí Látífàt gbé ọmọ wá bá òun, òun ti rí iṣẹ́ ní Àjàṣẹ́. Látífàt ní kàkà bẹ́ẹ̀, kí ó wá bá wọn ní Imeke, ibi tí ọmọ rẹ̀ ti ní gbòǹgbò.

Ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e ló mú Màmá Dosi lọ. Ó sùn lọ́sàn-án, kò jí. Mo sunkún rẹ̀ ju bí mo ṣe sunkún ìyá mi lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Zinsu, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló wá di olórí ẹbí. Èkó ló wà tẹ́lẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, wọ́n sì ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ bí wọ́n ṣe dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró nígbà náà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó wá rin ilẹ̀ wò láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó wo ẹ̀fọ́, ó wo tòmátò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ òdòdó, ó ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Mo mọ bí ibí yìí ṣe rí tẹ́lẹ̀." Ó rìn dé ìdí kànga, ó dúró.

"Ta ló gbin àgbọn yìí?"

"Màmá yín ni. Olóbi ọmọ ọmọ mi ló wà lábẹ́ rẹ̀."

"Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó gbìn ín?"

"Èmi àti òun."

Ó mí kanlẹ̀. "Ìyá, ẹ ti bí mi lọ́mọ, mi ò ní í rí yín fín. Ṣùgbọ́n òkú lẹ fi ṣe ẹlẹ́rìí yẹn. Àwọn àgbà ẹbí ti ń sọ ọ́ pé àlejò gbin igi sórí ilẹ̀ wa. Bí àgbọn yìí bá so, ẹni tó bá ká a á ní òun ló nilẹ̀. Ẹ fà á tu, kí ẹ máa lo ebè yín lọ, kò sẹ́ni tó máa yọ yín lẹ́nu. Bí ẹ ò bá fẹ́ fà á tu, mo fún yín ní ọjà Agbalata mẹ́ta, kí ẹ wá ibòmíràn."

Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni ọjà Agbalata. Ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó fún mi láti fi rò ó.

Látífàt gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú ilé. Bí Zinsu ṣe lọ tán ló jáde sí mi. "Màmá, ẹ ò dá a lóhùn. Ẹ̀yin. Ẹ bá a jà. Ẹ pe gbogbo ẹbí wọn jọ, ẹ búra níwájú wọn. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kí ọjà mẹ́ta náà pé, bóyá Ọlọ́run á la ọ̀nà kan."

Mo ní, "Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ebè yìí là ń jẹ. Àgbọn tí kò tíì so, kí la fẹ́ fi ṣe?"

"Ilé ọmọ mi ni."

"Igi ni, Látífàt. Igi lásán ni."

Irọ́ ni mo pa. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, òun náà mọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo ń rí ẹrù wa nílẹ̀ ní Badagry, mo ń rí ara mi níwájú ẹnu ọ̀nà àjèjì pẹ̀lú ọmọ àti ọmọ ọmọ, Màmá Dosi mìíràn ò sì sí láyé. Mo ní bí n bá tètè ṣe é, Zinsu á mọ̀ pé mi ò ní ètekéte lọ́kàn. Nínú gbogbo ìjà tí mo ti jà láyé mi, èyí nìkan ni mo sọ fún ara mi pé kí n fi ọgbọ́n ṣe.

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn àsùbáà, Látífàt ru ẹ̀fọ́ lọ sí ọjà. Mo rò pé ọmọ ń sùn. Mo mú ọkọ́ àti àdá, mo lọ sí ìdí kànga. Gbòǹgbò àgbọn kì í ṣe ẹyọ kan, ó pọ̀ bí okùn, ó sì ti wọ inú èèpo tí a tẹ́ sábẹ́ ebè, ó dì í mú. Èèpo tí èmi gan-an tẹ́. Mo gé, mo wa, mo fi gbogbo ara fà á. Nígbà tó jáde, àfọ́kù ìkòkò kan bá a jáde. Mo yára wọ́ yanrìn bò ó.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi. "Màmá àgbà, kí ni Morìn ṣe?"

Ó dúró nínú aṣọ àwọ̀sùn rẹ̀, ó di apá ara rẹ̀ mú. Kò sunkún. Ó kàn ń bi mí léèrè ni, bí ọmọdé ṣe máa ń béèrè bí wọ́n bá nà án, tí kò mọ ohun tóun ṣe. Mo ní, "Kò ṣe nǹkan kan." Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ lù ú?" Mo gbé e, ó le koko lọ́wọ́ mi, kò di ọrùn mi.

Bí Látífàt ṣe ti ọjà dé, àgbọn náà ló kọ́kọ́ rí, ó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ewé rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Mo ń retí pé á pariwo, mo tiẹ̀ fẹ́ kó pariwo, nítorí ariwo ni mo mọ bí a ṣe ń dá lóhùn. Ó gbé ọmọ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ó ní, "Zinsu ò lé ọmọ mi, Màmá. Ẹ̀yin lẹ lé e." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó wọ ọkọ̀ Sèmè, ó gba ibẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ lọ bá Ishaq. Ọmọ ò yíjú wò mí. Mo dúró létí títì títí mi ò fi rí ọkọ̀ náà mọ́.

Zinsu wá, ó rí i pé mo ti fà á tu, ó dúpẹ́. Ó ní kí n máa lo ebè mi.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn tí mo fa àgbọn náà tu, Dosu dé láti Kóńgò. Àbúrò Zinsu ni, ibi iṣẹ́ ẹja pípa ló ti gbọ́ pé Màmá Dosi ti kú. Ó bá Zinsu wá kí mi ní ẹ̀yìn ilé. Mo ń bomi rin tòmátò, mo dìde, a kíra. Ó wò yí ká, ó ní, "Ìyá, ibo ni àgbọn ọmọ wà?"

Zinsu ní, "Àgbọn wo?"

"Èyí tí Màmá wa gbìn fún ọmọ tí wọ́n bí nílé yìí. Nígbà tí mo wálé ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó mú mi wá síbí, ó fi hàn mí. Ìyá lọ sí ọjà lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ọwọ́ òun lòun fi gbìn ín, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án lẹ́yìn òun."

Zinsu wo kòtò, ó wò mí. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ìyá, ọjà mẹ́ta ni mo fún yín. Kẹta ò tíì pé. Kí ló dé tí ẹ ò dúró?"

Agolo wà lọ́wọ́ mi, omi ń jò jáde nínú rẹ̀ sí ẹsẹ̀ mi. Mo rántí tẹ̀tẹ̀ tó jóná. Obìnrin yẹn ti sọ ọ́ fún mi láti ìgbà náà pé mo mọ ìjà, mi ò mọ ìdúró. Lọ́jọ́ tí ó yẹ kí n jà, mi ò jà. Lọ́jọ́ tí ó yẹ kí n dúró, mi ò dúró. Méjèèjì bọ́ sọ́jọ́ kan náà, mo sì pàdánù méjèèjì.

Dosu ní, "Omi ló dànù, ìyá, agbè ò fọ́. Ẹ gbin òmíràn. Èmi á jẹ́rìí."

"Kí ni kí n fi sábẹ́ rẹ̀?" ni mo bi í.

Mo lọ sí Àjàṣẹ́ láti sọ fún wọn. Látífàt gbà mí dáadáa, ó fún mi lóúnjẹ, ó tẹ́ ibi tí mo máa sùn. Mo ro ẹjọ́ títí dé ti Dosu. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Mo ti gbọ́, Màmá. Ẹ kú ìrìn." Mo na ọwọ́ sí Morìnsọ́lá kí n pọ̀n ọ́n, ó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú. Ọwọ́ mi ló ń wò. Ọjọ́ kejì ni mo padà.

Ọdún kẹfà rèé. Ilé yìí ni mo ṣì wà. Zinsu mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, kò sẹ́ni tó yọ mí lẹ́nu. Ẹ wá wo ebè náà bí ẹ bá ń kọjá. Ata ń so, gbọma fẹ̀, àwọn aláràtúntà ń wá láti Badagry fúnra wọn, wọ́n ní ẹ̀fọ́ ti Ìyá Imeke ò láfiwé. Wọ́n á ní, "Ìyá, ẹ kú oríire." Mo máa ń dáhùn. Ní alẹ́ mo máa ń se ọbẹ̀ ẹnìkan, ó sì máa ń kù.

Ibi kan ló wà ní ìdí kànga tí mi ò gbin nǹkan sí. Èkan ti padà síbẹ̀. Oríkèé kan ló ní láti ṣẹ́kù nísàlẹ̀, ó sì ti pe àwọn ará rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún mi pé kí n tètè tu ú kó tó gba gbogbo ebè. Mo máa ń ní mo gbọ́.